Ẹ̀ṣọ́ Inú Pálọ̀

"Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde," ni àwọn àgbà wí. Iṣẹ́ méjì ni òwe náà rán ọmọ: kó ẹ̀ṣọ́, kí o sì ròde. Ṣùgbọ́n àwọn òbí kan láyé òde òní ti dá òwe ọ̀hún sí méjì bí ẹni dá iṣu. Wọ́n mú orí, wọ́n ju ìdí nù. Ọmọ wọn ṣe ara lọ́ṣọ̀ọ́ tán, ó jókòó sí pálọ̀.

Ẹ fojú inú wo irú ilé bẹ́ẹ̀ kan ní Ẹdẹ: géètì gíga, ajá kan, jẹnẹrétọ̀ kan, ọmọkùnrin ọdún mẹ́sàn-án kan. Bàbá ti yọ ọ́ kúrò nílé ìwé kó lè máa kọ́ ọ nílé, ó ní àwọn ọmọ ilé ìwé ń ṣépè, pàṣán kì í kúrò lọ́wọ́ olùkọ́, owó ilé ìwé sì ń gòkè ní sáà-sáà. Kò parọ́. Ọmọ náà mọ pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lórí, ó mọ olú ìlú Mongolia. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ìyá àgbà rán an ní ata ní ọjà Tìmì, iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè ló san. Kò ná an, kò tọrọ ènì, Òyìnbó ló fi dúpẹ́. Ìyá aláta ló pè é padà, tó bu ènì sí i.

"Ọmọ ta ni ọ́? Ṣé àlejò ni ọ́ ní Ẹdẹ ni?"

Ilé wọn rèé lẹ́yìn ọjà níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ Ẹdẹ kì í ṣe òpè nínú ẹ̀kọ́ ilé. Ìlú tí Ọba John Adétóyèṣe Láoyè Kìíní ti jẹ Tìmì láti 1946 di 1975 ni, ọba tó mọ dùndún lù débi pé òkìkí rẹ̀ dé òkè òkun. Agbo ilé ni ọmọ Àyàn ti ń kọ́ṣẹ́. Wọn kì í sì gbé ìyá ìlù lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Omele ni wọ́n ń fún un, kó di ohùn kan mú, kó máa fetí sí ti ẹlòmíì. Tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti le díẹ̀, ó di òde: ìkómọ, ìgbéyàwó, òkú àgbà. Ibẹ̀ ló ti ń mọ ẹni tí à ń kì, àti ìgbà tó yẹ kí ìlù dákẹ́.

Òfin Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ ti Nàìjíríà, ti ọdún 2004, ní kí òbí rí i pé ọmọ lọ sí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti sẹ́kọ́ńdìrì kékeré. Òbí tó bá rú u, ìbáwí ni lẹ́ẹ̀kíní. Lẹ́ẹ̀kejì, ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Epo tí jẹnẹrétọ̀ bàbá yìí ń mu kí ọmọ tó parí kíláàsì orí YouTube ju ₦2,000 lọ.

Jámánì ò gbà fún ẹni tó ní ilé lòun ti máa kọ́ ọmọ òun. Lọ́dún 2006, ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù gbe Jámánì lẹ́yìn. Ní Amẹ́ríkà, gbogbo ìpínlẹ̀ àádọ́ta ló fàyè gba kíkọ́ ọmọ nílé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òbí ibẹ̀ ń kó ara wọn jọ lẹ́gbẹ́ẹgbẹ́, kí àwọn ọmọ lè jọ kàwé, kí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù. Bàbá wa ra ìwé wọn, ó gbàgbé ẹgbẹ́ wọn.

Jean Piaget, onímọ̀ ọmọ Switzerland, wo àwọn ọmọdé bí wọ́n ṣe ń ta màbù, ó sì gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ lọ́dún 1932. Ó rí i pé nínú àríyànjiyàn eré ni ọmọ ti ń mọ̀ pé òfin jẹ́ àdéhùn láàárín ẹgbẹ́. Ọmọ Ẹdẹ tó ń ṣe ten-ten mọ ìyẹn kó tó mọ A, B, D: bí ẹnì kan bá ké "Ojóro!", eré dúró, ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀, ìjà parí, eré tún bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni ọmọ inú pálọ̀ ń bá ta lúdò. Kọ̀ǹpútà kì í ké ojóro.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn onílù gba iwájú géètì kọjá lọ síbi ìgbéyàwó. Ọmọ Àyàn kan tí kò ju ọmọ náà lọ gbé omele kọ́ èjìká láàárín wọn. Ọmọ inú ilé ń fi ìka lu férémù fèrèsé, ó ń wá ibi tí yóò ti bá wọn wọ̀ ọ́. Bàbá rọra ti fèrèsé. Iṣẹ́ ti tó: ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, orí kẹta, "Àwọn Aládùúgbò Wa".