Irọ́ Kò Rọ́nà Gbà

Ní Kpoulou tiwa ní Benin, inú ríro kì í ṣe àìsàn tí ọkùnrin ń gbé lọ sílé ìwòsàn. Àgbo wà, ọtí sódábì wà. Bí méjèèjì bá kọ̀, àwọn olóògùn a máa gbé atẹ wá lọ́jọ́ ọjà. Oògùn ara ríro ni mo máa ń rà lọ́wọ́ wọn, tí mo ń gbé mì ní ikùn òfìfo bí mo bá ti oko ọ̀pẹ dé. Ẹ̀yìn mi fúyẹ́. Àmọ́ inú mi wá ń ta bí ẹni da ata sí i. Ọjọ́ tí mo yàgbẹ́ dúdú, ìyàwó mi kò bá mi jiyàn mọ́, ó kó aṣọ mi sápò.

Dókítà kan ní Àjàṣẹ́ bi mí bóyá mo ń mutí.

“Ọtí kẹ̀!”

“Oògùn ara ríro ńkọ́?”

“Rárá o.”

Ìyàwó mi gbójú sókè, ó ń wo àjà. Dókítà ní ìgbẹ́ dúdú lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn nínú, nítorí náà àwọn yóò ṣe fíbróskópì fún mi: okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní iná àti kámẹ́rà lórí, tí wọ́n ń tì gba ẹnu lọ sínú ikùn. Ó dá ọjọ́ fún wa, ó sì kìlọ̀ pé láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, n kò gbọdọ̀ jẹ, n kò gbọdọ̀ mu.

Nígbà tí ọjọ́ pé, takisí dúró ní Sákẹ́tẹ́ láti kó èrò. Ìyàwó mi sọ̀ kalẹ̀ lọ tọ̀. Alákàrà jókòó nítòsí, àkàrà ń hó nínú epo pupa. Mo ní ká tó dé Àjàṣẹ́, yóò ti dà. Kí obìnrin náà tó padà, mo ti nu ẹnu.

“Bàbá, ṣé ẹ ò jẹun?” Nọ́ọ̀sì ló ń bi mí.

“Ọmọ mi, omi pàápàá kò kan ètè mi.”

Bí a ṣe ń dúró, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fẹ́ràn ìwé sọ fún mi pé lọ́dún 1868 ní Jámánì, ẹni tó ń gbé idà mì fún owó ni Adolf Kussmaul ti irin gbọọrọ sí lọ́fun láti wo inú rẹ̀. Ó ní nígbà tí Basil Hirschowitz ṣe èyí tó ṣeé tẹ̀ lọ́dún 1957, ọ̀fun ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ tì í sí. Ó rò pé òun ń fún mi lọ́kàn. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n.

Wọ́n fín oògùn kíkorò sí mi lọ́fun, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ òsì mi lélẹ̀, wọ́n ní kí n fi eyín di ike kan mú. Okùn wọlé. Èébì ń gbé mi, omi ń dà lójú mi, mo sì rí i lórí tẹlifíṣọ̀n wọn: àkàrà mi, kedere, nínú epo rẹ̀.

“Bàbá, kí lèyí?”

Okùn ti dí ọ̀fun. Irọ́ kò rọ́nà gbà.

Dókítà fa okùn náà jáde kíá. Ó ní bí oúnjẹ bá ru sókè, ó lè já sínú ẹ̀dọ̀fóró, kó sì pa mí. Ó ní kí n padà wá. Ní gbogbo ọ̀nà, ohun kan ṣoṣo ni ìyàwó mi bi mí: “Àkàrà èló?”

Nígbà tí a tún ń lọ, ó di ọwọ́ mi mú títí a fi kọjá Sákẹ́tẹ́. Wọ́n rí egbò. Wọ́n já bíńtín níbẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì bá kòkòrò kan tó ń jẹ́ Helicobacter pylori. Dókítà ní kòkòrò yìí àti oògùn ara ríro ló máa ń dá egbò inú sílẹ̀ jù. Mo jẹ́wọ́ oògùn náà, mo jẹ́wọ́ sódábì pẹ̀lú. Ó wá sọ ti Barry Marshall ará Australia, tó mu kòkòrò náà fúnra rẹ̀ lọ́dún 1984 láti fi hàn pé ó ń ṣeni ní jàǹbá. Ó ní kò sọ fún ìyàwó rẹ̀ kó tó mu ún; lọ́dún 2005, Marshall àti Robin Warren gba ẹ̀bùn Nobel.

Mo yíjú sí ìyàwó mi. “Ṣé o gbọ́? Kò sọ fún ìyàwó!”

“Òun gba Nobel,” ó ní. “Àkàrà lẹ̀yin gbà.”

Wọ́n fún mi ní oògùn tó ń pa kòkòrò àti èyí tó ń dín omi kíkan inú kù. Ìyàwó mi ló ń ka hóró rẹ̀ sí mi lọ́wọ́, tó sì ń wo ẹnu mi títí n ó fi gbé e mì. Inú mi ti rọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ bi mí bóyá okùn náà dùn mí. Mo ní n kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ìyàwó mi, tó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà, ní bí wọn ò bá gbà á gbọ́, kí wọ́n lọ wá okùn wá.