Ẹ Bi Bàbá Àtúntò: Ara Ìjàpá, Ẹsẹ̀ Àlejò

Lẹ́tà yín tọ̀sẹ̀ yìí pọ̀ débi pé ìyá alákàrà iwájú ọ́fíìsì wa ti ń wò wọ́n ní ìwòkuwò. Bébà ló ń wá, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ẹ kọ kò sì wúlò jùyẹn lọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ló gba ẹnu gbogbo yín: ọkọ̀ ìṣeré kékeré tí wọ́n ń fi ike tò. Ẹ gbé ara rẹ̀ nínú páálí kan, ẹ gbé ẹ́ńjìnnì nínú òmíràn, ẹ lọ jí táyà nínú ẹ̀kẹta. Ní Ògèrè tí tírélà ti gba títì tán, ẹ̀yin tún ń wá ibi tí ẹ máa páàkì ọkọ̀ tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó dáa, ẹ jókòó.

*Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ara Volkswagen ìjàpá tí ilé-iṣẹ́ Tamiya ti Japan ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìjàpá mìíràn ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, ṣáàsì ìyẹn ni mo fẹ́ lò. Kò wọlé. Mo ti gé e, mo ti fá a, mo ti gbàdúrà sí i. — Kò-Wọlé, Ògèrè.*

Ọmọ mi, àdúrà dára, ṣùgbọ́n ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí kí o tó kúnlẹ̀. 1/24 ni àwọn ará Japan sábà máa ń lò fún irú ọkọ̀ yìí: wọ́n pín ọkọ̀ gidi sí ọ̀nà 24. 1/25 ni àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn. Ìjàpá gidi, láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn, mìlímítà 2,400 ni. Pín in sí 24, wàá rí 100. Pín in sí 25, wàá rí 96. Mìlímítà 4 lo fi ń da Ọlọ́run láàmú.

Ẹ́ńjìnnì, ìjókòó àti sítíárì lè ti inú 1/25 bọ́ sínú 1/24 kí ojú má fura. Ara àti ṣáàsì kò ní gbà. Tí o bá rin kinkin, gé ṣáàsì náà láàrin, kí o fi ike mìlímítà 4 dí àlàfo rẹ̀. Kò ní fẹ̀ sí i o. Táyà á ṣì rì wọnú. Ẹni tó bá bèèrè, sọ fún un pé ọkọ̀ náà ń gbààwẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yára lé àwọn elẹ́kún jáde. Ìwọ ará Ìpẹru tí fèrèsé ọkọ̀ rẹ funfun: èéfín superglue ni. Gọ́ọ̀mù funfun àwọn ọmọ iléèwé ni kí o fi lẹ gíláàsì. Ìwọ ará Ìkẹ́nnẹ́ tí ọ̀dà rẹ hunjọ: o kun lacquer lé enamel lórí. O tọ́ sí i. Ìwọ ará Ṣágámù tó kọ ojú ìwé mẹ́fà nípa táyà: mi ò kà á.

*Bàbá, mo fi ẹ́ńjìnnì Volkswagen sínú ara Porsche. Ọ̀rẹ́ mi ní àdán ni mo bí, kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ. — Wọ́n-Tàbùkù-Mi, Ìlíṣàn.*

Ọ̀rẹ́ rẹ ló jẹ ìtàn ní gbèsè. Porsche 356 àkọ́kọ́, tí wọ́n ṣe ní Gmünd ní Austria ní 1948, ẹ́ńjìnnì àti jíà Volkswagen ni wọ́n fi ṣe é. Ferdinand Porsche, bàbá ẹni tó darí iṣẹ́ náà, ló sì ṣètò ìjàpá. Ní 1962, Carroll Shelby ará Texas gbé ẹ́ńjìnnì V8 ti Ford sínú ara AC Ace tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ó pè é ní Cobra, owó ilé ni wọ́n fi ń rà á lónìí. Nílé níbí ńkọ́? Igala tí bàbá yín fi yangàn, tí wọ́n tò ní Òjó ní Èkó, Brasilia ni wọ́n ń pè é ní Brazil tó ti wá. Nítorí náà, fún àdán rẹ lórúkọ, kí o sì gba owó ìsọmọlórúkọ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ.

*Bàbá, mo mọ̀ pé ọkọ̀ ìṣeré lẹ ń sọ, ṣùgbọ́n ẹ dákun. Ọmọṣẹ́ ni mí lọ́dọ̀ mẹkáníìkì tírélà kan. Ọ̀gá mi yọ brake chamber lára ọkọ̀ tó ti kú, ó dè é mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀ oníbàárà. Kò tóbi tó ti ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó ní kí n panu mọ́. Ọdún kan ló kù kí n gba fíríidọ̀mù. — Ọmọṣẹ́.*

Ìwọ, mi ò ní fi ọ́ ṣẹ̀fẹ̀. Ike tí kò bára mu, ẹ̀rín ló ń fà. Bíréèkì tí kò bára mu, òkú ló ń fà. Afẹ́fẹ́ tó ń wọ brake chamber, agolo yẹn, ló ń ti bíréèkì kó lè dá táyà dúró. Tí ti ọ̀tún bá tóbi ju ti òsì lọ lórí áásù kan náà, ẹ̀gbẹ́ kan á mú ju èkejì lọ. Ọkọ̀ á fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ jù á sì gbóná. Fi ẹrù lé e, kó máa sọ̀ kalẹ̀ lórí títì Èkó sí Ìbàdàn, kí bọ́ọ̀sì akérò wà níwájú rẹ̀. Ìyókù kò ṣeé kọ.

Bá ọ̀gá rẹ sọ̀rọ̀ nígbà tí oníbàárà kò sí nítòsí. Dọ̀bálẹ̀, gbé agolo méjèèjì síwájú rẹ̀, bẹ̀ ẹ́ kó ra méjì tó dọ́gba. Tó bá kọ̀, sọ fún dẹrẹ́bà kó tó gbéra. Bí ọkọ̀ bá ti lọ, pe àwọn Road Safety lórí 122. Ní ti fíríidọ̀mù, mú òbí rẹ lọ bá alága ẹgbẹ́ mẹkáníìkì. Ọdún kan ṣeé kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mìíràn. Ẹ̀mí kò ní sípíà. Má sùn lé e lórí.

*Bàbá, ọkọ mi ń tú Camry wa palẹ̀. Ó ní òun fẹ́ wo inú rẹ̀ dáadáa kí òun lè tò ó ní kékeré. — Ìyá Ìbejì, Ògèrè.*

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọkọ yín ti rí ẹni jọ. Shunsaku Tamiya ti ilé-iṣẹ́ Tamiya fúnra rẹ̀ ra Porsche 911 gidi, ó tú u palẹ̀ nítorí Porsche 934 kékeré tó gbé jáde ní 1976. Àtúntò wá di wàhálà. Àwọn tó mọ Porsche dunjú ni wọ́n lọ pè. Ṣùgbọ́n Tamiya ní ilé-iṣẹ́, ọkọ yín ní sípánà méjì. Ẹ kó sípánà náà pamọ́ sábẹ́ ìrẹsì, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹsẹ̀ ni yóò máa fi sin àwọn ìbejì lọ síléèwé títí Camry yóò fi dìde.

Ìdájọ́ ọ̀sẹ̀ yìí rèé: ohun tó bá jẹ́ ike, ẹ pò ó pọ̀ bó ṣe wù yín. Ohun tó bá máa gbé ènìyàn, páàtì rẹ̀ gan-an ni kí ẹ fi sí i. Ẹ máa kọ̀wé sí mi, ojú ìwé kan péré. Ará Ṣágámù, ìwọ ni mò ń bá wí.