Lánlọ́ọ̀dù Ogún Búlọ́ọ̀kù

Ọkùnrin tí ìtàn yìí dá lé lórí bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ òun. Mo gbà fún un. Bàtà kan náà la jọ ń wọ̀, àpò kan náà la jọ ń ná, ọjọ́ tí ojú bá sì tì í, èmi ni orí máa ń fọ́. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Ará Ọ̀yọ́, nítorí Ọ̀yọ́ ló ti wá, kì í sì í jẹ́ kéèyàn gbàgbé.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ló kó dé Ayọ̀bọ̀ pẹ̀lú báàgì Ghana-must-go méjì. Kí ó tó kúrò nílé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó ti gbé Muṣin rí pè é sí kọ̀rọ̀, ó kó ìmọ̀ràn mẹ́ta fún un. Má ṣe wo ojú àwọn aláyé, ìyẹn àwọn ọmọ ìta. Pín owó ẹ sí ọ̀nà mẹ́ta, kí o sì fi èyí tó pọ̀ jù sínú ìbọ̀sẹ̀. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé àlejò ni ẹ́. Ẹ̀kẹta yìí ló dùn mọ́ Ará Ọ̀yọ́ nínú jù, òun náà ló sì ná an lówó jù.

Ìpẹ̀kun Èkó ni Ayọ̀bọ̀ wà, níbi tí Alímọ̀ṣọ́ ti fẹnu ko ìpínlẹ̀ Ògùn. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, èèyàn 1,277,714 ni wọ́n kà ní Alímọ̀ṣọ́ nìkan, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn l'Ékòó tó tó o. Ní 2003 tí ìjọba Bọ́lá Tinúbú dá ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ 37 sílẹ̀ kún 20 tó wà tẹ́lẹ̀, wọ́n so Ayọ̀bọ̀ pọ̀ mọ́ Ìpájà. Ibì kan wà l'Áyọ̀bọ̀ tó tutù, tó ní ọ̀dà, tí ọkọ̀ olówó ń wọ̀. Anchor University tí ìjọ Deeper Life dá sílẹ̀ wà níbẹ̀, láti 2016 ni wọ́n ti gba ìwé àṣẹ. Ibì kan sì tún wà tí ọ̀dà ò dé, tí àwọn ọmọ ìta ń jókòó sí láti àárọ̀ bí ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ ọ̀nà. Ẹ ti mọ èyí tí ejẹ́ǹtì mú Ará Ọ̀yọ́ lọ.

Kò tíì dé ibẹ̀ rárá tó ti kọ́kọ́ ṣìṣe. Ní Ìyànà-Ìpájà, kọ̀ńdọ̀ ń ké pé, "Ayọ̀bọ̀ wọlé! Wọlé pẹ̀lú ṣénjì ẹ o!" Ará Ọ̀yọ́ wọlé pẹ̀lú 500 fún owó ọkọ̀ 250. Kọ̀ńdọ̀ ká owó náà mọ́ àárín ìka, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n dé Ìpájà, ó na 500 kan ṣoṣo sí ìyá ẹlẹ́ja tó jókòó níwájú, ó fi àgbọ̀n tọ́ka sẹ́yìn: "Ìyá, ẹ̀yin àti bọ̀ọ̀dá yẹn."

Síso pọ̀ ni wọ́n ń pe èyí. Kọ̀ńdọ̀ tí kò bá ní ṣénjì á so èrò méjì pọ̀ bí ewúrẹ́ ọdún, kí wọ́n jọ bọ́ọ́lẹ̀, kí wọ́n wá ẹni tó máa bá wọn ṣẹ́ owó. Ará Ọ̀yọ́ ò mọ̀. Ó rò pé kọ̀ńdọ̀ ń fi òun mọ ìyá náà ni. Ó nàró díẹ̀, ó tẹrí ba: "Ẹ kú ọjà mà. Ẹ kú ìnáwó. Àwọn ọmọ ńkọ́?" Ìyá dáhùn pé dáadáa ni wọ́n wà, ó dúró díẹ̀, ó wò ó, ó gbé ẹja rẹ̀, ó bọ́ọ́lẹ̀. Ọkọ̀ ti ṣí kí ẹnì kan tó bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fi 250 yín ta màmá yẹn lọ́rẹ ni?"

Gbogbo ọmọ Èkó ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ló ń dá dáńfó dúró: "Ó wà o!" Ohun tí Ará Ọ̀yọ́ sọ ni: "Ẹ̀yin ọ̀gá awakọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, tí kò bá ní ni yín lára, ẹ bá mi dá ọkọ̀ yìí dúró díẹ̀." Kí ó tó dé "lára," wọ́n ti kọjá ibùdókọ̀ kan. Ó gbé báàgì méjèèjì lórí, ó sáré padà. Ó gba 250 rẹ̀, ó gba èébú díẹ̀ mọ́ ọn, ó sì fi 150 wọ ọkọ̀ mìíràn.

L'Áyọ̀bọ̀, ọlọ́kadà kan rọra wá bá a. "Ẹ̀gbọ́n, níbo là ń lọ?"

Ará Ọ̀yọ́ fà sẹ́yìn. Ó ti ka ìwé ìròyìn. Lóòótọ́, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún náà ni ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, nígbà tó sì di ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, wọ́n fi Kòsọ̀fẹ́, Òṣòdì-Ìsọlọ̀, Ṣómólú àti Muṣin kún un. Alímọ̀ṣọ́ ò sí nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ṣùgbọ́n àkọlé ni Ará Ọ̀yọ́ kà, kò ka inú rẹ̀. Ó wá dúró síwájú bí ogún ọlọ́kadà, ó ń ṣàlàyé òfin fún wọn, ó ní ọlọ́pàá lè kó gbogbo wọn lónìí. Wọn ò nà án. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn kàn bojú wo òkè, ó rí bí òjò ṣe ṣú, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí lọ́yà máa fẹsẹ̀ rìn."

Òjò náà kò yà sí ibì kan. Nígbà tí Ará Ọ̀yọ́ fi máa dé ilé, ó ti bọ́ sínú ọ̀gbun ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, owó inú ìbọ̀sẹ̀ sì ti di fùfú. Ó tẹ́ ẹ sójú fèrèsé, kí ó gbẹ. Ọmọ kékeré kan nínú ọgbà ń fi ìka kà á láti ìta: "Bọ̀ọ̀dá, mẹ́tàdínlógún ni o! Ọ̀kan ti ya!" Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ilé ló mọ iye tí ẹni tó ń fowó pamọ́ ní.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá gbóná gan-an ni ti búlọ́ọ̀kù. Òpópónà tó kọjá níwájú ilé kì í gbẹ nígbà òjò. Ará Ọ̀yọ́ ra búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́fà, ogún péré, kí ó fi tẹ́ ọ̀nà láti géètì dé ojú títì. Ẹni tó fi bárò tì í wá ṣẹ̀ṣẹ̀ dà á sílẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta kan dé, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, alàgbà. Àwa la ni ilẹ̀ àdúgbò yìí. Ta ló ń kọ́lé?"

Òótọ́ ò ju ìlà kan lọ: ayálégbé ni mí, ẹrẹ̀ ni mo ń sá fún. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn Muṣin sọ sí i lọ́kàn. Ayálégbé, àlejò ni. Onílé ló ni ìlú. Ará Ọ̀yọ́ gbé àyà síta: "Èmi ni lánlọ́ọ̀dù."

Ayọ̀ tó bá àwọn ọmọ náà, mi ò tíì rí irú rẹ̀ níbi ìkómọ. Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sókè lẹ́ẹ̀kan náà: "Túwàlé, bàbá!" Ẹni tí wọ́n bá kí báyìí, tó sì gbà á, ó ti di bàbá, bàbá ló sì ń náwó. Ará Ọ̀yọ́, ọmọlúàbí, kò mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn, ó bá na ọwọ́ tirẹ̀ náà sókè.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Búlọ́ọ̀kù ogún, ìpìlẹ̀ fẹ́ǹsì nìyẹn, fẹ́ǹsì sì ní owó tirẹ̀. Tí ó bá wá kan dẹ́kìn, owó tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ kan páànù, wọ́n á tún padà wá, kò sí ìjà. Ará Ọ̀yọ́ wúkọ́, ó fa òfin yọ. Èyí kò dà bíi ti ọ̀kadà, ó mọ̀ ọ́n dáadáa: oṣù kẹjọ ọdún 2016 ni Gómìnà Akínwùnmí Aḿbọ̀dé fọwọ́ sí òfin tó ń dáàbò bo dúkìá onílé l'Ékòó, tó sì sọ ohun tí ọmọ onílẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ akọ́lé di ẹ̀ṣẹ̀. Ó sọ ọ́ tán, ó ń mí.

Èyí tó tín-ín-rín nínú wọn yọ pákò lẹ́nu. "Òfin yẹn dára, bàbá. Ẹni tó bá ni dúkìá ló dáàbò bò. Ẹ bá wa mú risíìtì ilẹ̀ jáde."

"Ó wà lọ́wọ́ lọ́yà mi."

"Ẹ pè é."

Ará Ọ̀yọ́ ń wá nọ́ńbà lọ́yà tí kò sí nínú fóònù tí kò ní owó ìpè, ni Ìyá Lánlọ́ọ̀dù, ìyá arúgbó tó ni ilé gan-an, ń ti ọjà bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọ́ lábíyá. Ó ti dúró lẹ́yìn wọn fún ìgbà díẹ̀.

"Ta ni lánlọ́ọ̀dù?"

Kò sí ẹni tó fèsì. Adìyẹ pàápàá ò ké.

"Mo ní ta ni? Ṣé mo ti tà á ni, àbí mo ti kú tí ẹnìkan ò sọ fún mi?"

Àwọn ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ fún un. Ará Ọ̀yọ́ náà dọ̀bálẹ̀, nínú ẹrẹ̀ gidi, nítorí ibẹ̀ ló kù fún un. Wọ́n dá ẹjọ́ náà lójú ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ ní ó fi àkókò àwọn ṣòfò, wọ́n gba 2,000 owó irọ́. Ìyá náà ní bó bá wù ú láti jẹ́ lánlọ́ọ̀dù, ìpàdé àwọn onílé ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kó san owó gáàdì oṣù yẹn fún òun. Ó sì kó búlọ́ọ̀kù mẹ́rìndínlógún lọ ṣe ilé adìyẹ. Mẹ́rin ló kù fún Ará Ọ̀yọ́. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n gbé e dé, ìyókù, ó ń fò ó.

Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn ọmọ àdúgbò ti ń pè é ní Lánlọ́ọ̀dù. Ibùdókọ̀ kan wà l'Áyọ̀bọ̀ tó ń jẹ́ Mẹ́gídá, àwọn Haúsá sì ń pe onílé ní maigida. Wọ́n ní tìtorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ibẹ̀ lórúkọ.

Èèyàn á rò pé á jókòó sílé. Rárá. Ó rìn dé Barúwà ní apá Ìpájà, ó ní kí obìnrin kan ta òun lómi ṣan ẹsẹ̀. Omi náà ń rùn bí epo. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá obìnrin náà wí pé inú garawa kẹrosíìnì ló ń pọn omi sí. Obìnrin náà ò bínú, ó mú un lọ sí ẹnu kànga, ó ní kó fi imú ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Láti àwọn ọdún 1990 ni epo ti jò láti ara páìpù abẹ́ ilẹ̀ sínú kànga àwọn ará Barúwà, wọ́n sì ti pariwo títí. Nígbà tí Ará Ọ̀yọ́ ń lọ, obìnrin náà pè é padà: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má ṣáná sí ẹsẹ̀ yẹn o."

Ó tún lọ sí kọ̀rọ̀ tí gbogbo èèyàn ní kó má dé, ìdí alágbo níbi tí àwọn aláyé ń jókòó sí. Kí wọ́n má bàa rí i bí àlejò, ó ní kí wọ́n bu páràgà fún òun, èyí tó le jù. Ìyá alágbo béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá a lójú. Ìgbà tó máa jí lórí bẹ́ńṣì, òòrùn ti wọ̀. Fóònù rẹ̀ wà níbẹ̀, bàtà rẹ̀ wà níbẹ̀, aláyé kan sì jókòó tì í. Ó fẹ́ dúpẹ́. Aláyé náà na ọwọ́: wákàtí mẹ́ta owó wáṣìmàn, 500 ní wákàtí kan. Mo ti ṣírò rẹ̀ lọ́nà púpọ̀ láti ìgbà yẹn, mi ò sì rí ibi tí ó ti ṣì í.

Ti Lafẹ́nwá ló pa mí lẹ́rìn-ín jù, ní báyìí tí ó ti pẹ́. Ọ̀rẹ́ kan níbi iṣẹ́ ní káfíńtà kan wà ní Lafẹ́nwá tó ń ta bẹ́ẹ̀dì lówó pọ́ọ́kú, kí àwọn pàdé níbẹ̀ ní aago mẹ́wàá. Lafẹ́nwá kan ṣoṣo ni Ará Ọ̀yọ́ mọ̀ láyé, ti Abẹ́òkúta. Ó ro ọ̀nà náà wò, ó ní ará Ayọ̀bọ̀ mà lágbára o, kò sì béèrè, nítorí pé àlejò ló ń béèrè. Aago mẹ́fà ìdájí ló jáde.

Ó pè láti ojú ọ̀nà: "Mo ti wọ ìpínlẹ̀ Ògùn."

"Èmi náà," ni ọ̀rẹ́ náà sọ.

Aago mẹ́wàá: "Mo ti wà ní Lafẹ́nwá."

"Mo ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Kí ni ẹ rí níwájú yín?"

"Mọ́ṣáláṣí."

"Mo rí i. Ẹ rí àwọn aláta?"

"Mo ń wò wọ́n. Èmi ni mo wọ aṣọ àwọ̀ ewé."

"Ẹ na ọwọ́ sókè."

Ará Ọ̀yọ́ na ọwọ́ sókè láàárín ọjà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà na tirẹ̀. Ó tó ìdajì wákàtí tí àgbàlagbà méjì fi ń na ọwọ́ sí ara wọn, tí kìlómítà wà láàárín wọn lọ rẹpẹtẹ, tí oníkálukú sì ń fi ẹ̀sùn kan ojú ẹnìkejì.

"Ó dáa," ni Ará Ọ̀yọ́ wí níkẹyìn, "ẹ wá bá mi ní etí ojú irin."

"Ojú irin wo?"

Lafẹ́nwá kejì wà ní Ìtẹ̀lé, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Ayọ̀bọ̀ gan-an ni, kòròpẹ́, bọ́ọ̀sì kékeré, ń gbé èèyàn débẹ̀.

Ní báyìí, ó ti mọ Lafẹ́nwá méjèèjì dunjú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé Ghana-must-go dúró níwájú rẹ̀ ní ibùdókọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo ni mo ti lè rí ọkọ̀ Ayétòrò?" Inú Ará Ọ̀yọ́ dùn débi pé ó fi ọwọ́ lé ọmọ náà léjìká. Ayétòrò ò jìnnà, ó wà lójú ọ̀nà Ìtẹ̀lé. Ó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ó tì í wọ kòròpẹ́, ó bá a dúnàá-dúrà owó ọkọ̀. Kòròpẹ́ ń ṣí lọ ni ọmọ náà yọrí: "Ẹ ṣé gan-an, sà. Bọ̀ọ̀dá mi tó wà ní Ayétòrò Yewa ní mo máa rìn tó wákàtí mẹ́ta!"

"Ó wà o!" Ará Ọ̀yọ́ kígbe láti ìsàlẹ̀. "Ó wà o! Ó wà!"

Kòròpẹ́ náà ti lọ. Èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló tẹ bíréèkì, awakọ̀ rẹ̀ sì yọjú: "Lánlọ́ọ̀dù, ṣé ẹ ń wọlé ni?"