Wọ́n Ní Sípíkà Mi Ń Pariwo

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ta ló fi lélẹ̀ pé ẹni tó bá ń gbé GRA n'Ílọrin kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan nǹkan? BQ ni mo ń gbé o, ẹ má rò pé ilé olówó ni: yàrá méjì lẹ́yìn ilé ńlá. Síbẹ̀, láti ìgbà tí mo ti kó pákó wọlé pé mo fẹ́ ṣe sípíkà ni gbogbo àdúgbò ti ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ sin òkú sí ẹ̀yìnkùlé.

Irọ́ tí wọ́n ń kọ sára èyí tí wọ́n ń tà ló sún mi dé ìdí rẹ̀. Ẹ wo iwájú rédíò olórin tí ẹ rà lọ́jà: 3000W PMPO, gàdàgbà! Ẹ yí i padà, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ iye iná tó ń fà sí: 40W. Ogójì wọlé, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta jáde. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kúkú gbé e lọ sí Káínjì, kó máa pín iná fún Nàìjíríà.

Iṣẹ́ sípíkà kò sì le lẹ́nu. Láti 1925 ni Chester Rice àti Edward Kellogg ti gbé irú èyí tí a ń lò dòní jáde ní Amẹ́ríkà. Wáyà wẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n yí róbótó, wọ́n kì í bọ ààrin mágínẹ́ẹ̀tì, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí bébà líle kan. Iná orin á wọ wáyà, wáyà á máa fò síwá sẹ́yìn, bébà á máa ti afẹ́fẹ́. Ó tán. Ibi tó ti burú ni pé bí bébà ṣe ń ti afẹ́fẹ́ iwájú, bẹ́ẹ̀ ló ń fa ti ẹ̀yìn. Bí kò bá sí ohun tó là wọ́n láàrin, àwọn méjèèjì á pàdé, wọ́n á pa ara wọn, ohùn ìyáàlù á sì pòórá. Àpótí ló ń là wọ́n, àpótí tí kò gbọdọ̀ jò.

Ẹ wá gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá káfíńtà.

"Ọ̀gá, ilẹ̀kùn rẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní kò ní ilẹ̀kùn.

"Báwo lẹ ṣe fẹ́ máa kó ẹrù sínú ẹ̀?"

Mo ní afẹ́fẹ́ ni mo fẹ́ kó sínú ẹ̀. Ó wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀, ó fi owó kún owó iṣẹ́. Ihò tí mo fi pẹ́ńsùlù yà ní róbótó, gbọọrọ ló gbẹ́ ẹ. Nígbà tí mo figbe ta, ó ní kí n fara balẹ̀, pé á mọ́ sípíkà lára.

Ẹni tó ń tún rédíò ṣe nígboro tún wá. Ó ta bọ́ọ̀fà fún mi, ó ní 8 ohm ni, ó kúkú wà lára rẹ̀. Mo fi mítà sí i, mítà ń sọ 3.4. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà mọ̀ pé 4 ohm nìyẹn, áńpùlífáyà kékeré mi ò sì lè gbé e. Mo dá a padà. Ẹ gbọ́ èsì: "Alfa, mẹ́jọ náà ni, ó ti gbó ni."

Mo po lẹ́búlẹ́bú igi mọ́ gọ́ọ̀mù funfun, mo fi dí oríkèé àpótí. Téèyàn bá fi ìka ti bébà náà jẹ́jẹ́, tó ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, àpótí ti dí nìyẹn. Tèmi ta padà wàì! Mo tún dí i, mo sì ń wá òwú tí n óò kì sínú rẹ̀ kí ohùn má baà máa dún gbọnrangandan. Ibẹ̀ ni ìyàwó mi ti bọ́ síta: "Bàbá Ìbejì, ìrọ̀rí mi dà?" Ẹjọ́ ìrọ̀rí ṣì wà nílẹ̀ di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Àmọ́ ó dún! Mo fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan ẹnu wáyà, bébà fò síwájú, kút! Mo gbé Odòláyé Àrẹ̀mú sí i, àgbà dadakúàdà Ìlọrin tó kú ní 1997. Ìlù bọ́ sílẹ̀, gìlásì fèrèsé ń gbọ̀n, inú mi dùn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Odòláyé ò tíì kí ènìyàn mẹ́ta tán tí mèígádì ilé kejì fi kanlẹ̀kùn: "Ọ̀gá mi ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ rọra."

Kí n rọra! Jẹnẹrétọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ń bú ramúramù lẹ́yìn ògiri mi láti ìrọ̀lẹ́ di ìdájí, èéfín rẹ̀ ń wọ ìkòkò ọbẹ̀ wa. Ìyẹn kì í ṣe ariwo, iná ni. Odòláyé tó ń fọ Yorùbá tó dán, òun ni ariwo.

Ó pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀. Lugard, tó jẹ́ gómìnà àgbà lẹ́yìn ìdàpọ̀ Nàìjíríà ní 1914, kọ ọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé kí ilẹ̀ òfìfo tó fẹ̀ tó 440 yáàdì wà láàrin ibùgbé òyìnbó, irú èyí tí a wá ń pè ní GRA, àti ti ọmọ ìlú. Ó ka ìdí rẹ̀: ẹ̀fọn, iná tó ń jó ilé, ó wá fi ìlù wa kún un, pé kì í jẹ́ kí òyìnbó sinmi. Òyìnbó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ẹ̀fọn ò lọ. Àwọn èèyàn wa tó gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀ sì gba oorun rẹ̀ mọ́ ilé.

Wọ́n ní tí n óò bá gbọ́ orin, kí n gbé e lọ sígboro, sílé bàbá mi, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní sọ̀rọ̀. Mo gbà. Mo pe kẹ̀kẹ́ Márúwá. Oníkẹ̀kẹ́ fọwọ́ kan àpótí náà, ó gbìyànjú àtigbé e, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó ní owó èrò méjì ni n óò san lórí rẹ̀, tèmi lọ́tọ̀. Mo ní afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ó ní kí n tú afẹ́fẹ́ náà dànù, kó gba owó èrò kan.