Bàbá Àgbà, Ojú Ò Tiẹ̀ Tì Yín?

Ẹ lé àwọn ọmọdé síta ná, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti etí wọn. Ọkùnrin ẹni ọdún 77, ọlọ́mọ márùn-ún, bàbá àgbà fún ọmọ-ọmọ mẹ́wàá, ẹni tó tún ń díje láti padà sípò ààrẹ Amẹ́ríkà, ló jókòó sí kóòtù ní Manhattan lóṣù karùn-ún ọdún 2024, tí òṣèrébìnrin fíìmù oníhòòhò kan wà lórí àga ẹlẹ́rìí, tó ń ṣàlàyé irú aṣọ àwọ̀sùn tí bàbá wọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan báyìí. Aṣọ àwọ̀sùn sátíìnì. Obìnrin náà ní òun ká ìwé ìròyìn kan, òun sì fi na bàbá nídìí. Ìdí o! Níwájú adájọ́, níwájú akọ̀wé kóòtù tó ń tẹ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, níwájú Eric ọmọ rẹ̀ tó jókòó sẹ́yìn. Ọmọ wo ló yẹ kó gbọ́ irú èyí nípa bàbá rẹ̀?

Stormy Daniels ni wọ́n mọ obìnrin náà sí. Ó ní ọdún 2006 lọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀, níbi ìdíje gọ́ọ̀fù kan lẹ́bàá adágún Tahoe. Donald Trump ní irọ́ gbuu ni, òun kò bá a sùn rí. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbà fún un. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ka oṣù yìí: oṣù kẹta ọdún 2006 ni Melania ìyàwó rẹ̀ bí Barron, oṣù keje ni wọ́n gbá gọ́ọ̀fù náà. Ìyàwó nílé, ìkókó lọ́mú! Ìkókó ọ̀hún ti di ọmọ ọdún 18 nígbà tí ẹjọ́ ń lọ lọ́wọ́, débi pé ọjọ́ tó ń jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, ọwọ́ adájọ́ Juan Merchan ni bàbá rẹ̀ ti ní láti gba àyè kó tó lè lọ síbi ayẹyẹ. Melania ní tirẹ̀ kò yọjú sí kóòtù náà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. N kò bá a wí.

N kò sọ pé ó ṣe é o. Ohun tí mo ń béèrè ni pé, bí èèyàn kò bá jẹ gbèsè, kí ló wá ń fi 130,000 dọ́là bẹ ẹlẹ́nu pé kó panu mọ́?

Ọ̀rọ̀ owó yìí gan-an ló dùn. Oṣù kẹwàá ọdún 2016 ni, ìbò ku ọjọ́ díẹ̀, fídíò tí bàbá ti ń ṣe fọ́ńté pé òun máa ń fọwọ́ kan obìnrin níbi tí kò yẹ sì ti gba ìgboro. Ẹnu Stormy gbọ́dọ̀ dí. Michael Cohen, lọ́yà rẹ̀ nígbà náà, ló wá owó náà; ó lọ fi ilé ara rẹ̀ yá owó ní báńkì. Ó sọ fún kóòtù pé ọ̀nà yẹn ni òun gbà kí ìyàwó òun má baà mọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkọ kan ń fi ọ̀rọ̀ owó pa mọ́ fún ìyàwó tirẹ̀ nítorí àṣírí ọkọ ẹlòmíràn! Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba kúkú ní kì í ṣe ìyàwó kankan ni wọ́n ń sá fún, pé àwọn olùdìbò ni.

Nígbà tí bàbá wọlé sípò tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó padà fún Cohen lọ́dún 2017, ṣẹ́ẹ̀kì 35,000 dọ́là loṣooṣù, òmíràn nínú wọn jẹ́ èyí tó fọwọ́ sí nínú White House gan-an. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 420,000. Kí ni wọ́n wá kọ sínú ìwé? Owó iṣẹ́ lọ́yà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un. Kì í ṣe nítorí obìnrin, nítorí ìwé ni: ìwé ìbéèrè owó 11, ṣẹ́ẹ̀kì 11, àkọsílẹ̀ ìwé ìṣirò 12, ó di ẹ̀sùn 34.

Èyí tó wá bí mi nínú jù ni ti David Pecker, tó ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀gá ìwé ìròyìn òfófó National Enquirer. Òun ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́. Ó jẹ́wọ́ pé iṣẹ́ àwọn ni láti ra ọ̀rọ̀ tó bá lè ba orúkọ Trump jẹ́, kí àwọn sì rì í mọ́lẹ̀. Wọ́n san 150,000 dọ́là fún Karen McDougal, tó ti ṣe mọ́dẹ́ẹ̀lì rí, tó ní òun náà bá bàbá da nǹkan pọ̀. Wọ́n san 30,000 fún maígádì kan lórí ọ̀rọ̀ tí kò tilẹ̀ jẹ́ òótọ́. Olófòófó tó ń ra òfófó kó má baà jáde! Àwa tí à ń fi ẹnu wa wá oúnjẹ òòjọ́, ìwà ọ̀dàlẹ̀ ni mo ka ìyẹn sí.

Adájọ́ ní kí bàbá yé bú àwọn ẹlẹ́rìí. Kò yé. Wọ́n bu owó ìtanràn lé e, 1,000 dọ́là fún ìgbà kọ̀ọ̀kan, ó sì ṣe é nígbà mẹ́wàá. Lọ́jọ́ 30 oṣù karùn-ún, àwọn ará ìlú méjìlá tí wọ́n yàn láti gbọ́ ẹjọ́ ní ó jẹ̀bi ẹ̀sùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélọ́gbọ̀n, kò ku ẹyọ kan. Kò sí ẹni tó ti jẹ ààrẹ Amẹ́ríkà rí tí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Bó bá jẹ́ èmi ni, aṣọ ni n bá fi bojú gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Àwọn tirẹ̀ ń ka owó: wọ́n kéde pé ní wákàtí mélòó kan péré, àwọn alátìlẹ́yìn ti dá 34.8 mílíọ̀nù dọ́là fún un.

Ẹjọ́ yẹn nìkan kọ́ ló sì ní lọ́rùn. Ti E. Jean Carroll ńkọ́? Oníròyìn náà ní bàbá fipá bá òun lò nínú yàrá tí wọ́n ti ń wọ aṣọ wò ní ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan ní New York láàárín ọdún 1990 sí 1999. Bàbá ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ń wu òun. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lábẹ́ ìbúra, wọ́n na fọ́tò Carroll sí i, ó wò ó, ó ní, ‘Marla nìyẹn, ìyàwó mi.’ Ìyàwó tó ti kọ̀ sílẹ̀! Ẹni tí kò wù ú rárá, òun ló fi pe ìyàwó rẹ̀. Ní 2023 ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà kò sọ pé ìfipábánilòpọ̀ ni, àmọ́ wọ́n ní ó fi ìwà ìbálòpọ̀ kàn án lára lọ́nà àìtọ́, ó sì bà á lórúkọ jẹ́: 5 mílíọ̀nù dọ́là. Lọ́jọ́ kejì ó bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó tún fi Carroll ṣe yẹ̀yẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìgbìmọ̀ mìíràn ní kó san 83.3 mílíọ̀nù sí i.

Nínú ẹjọ́ jìbìtì kan, Adájọ́ Arthur Engoron ní tirẹ̀ wá rí i pé ilé bàbá ní Trump Tower, tí kò ju 10,996 ẹsẹ̀ níbùú-lóòró lọ, 30,000 ló kọ ọ́ sí nínú ìwé ohun ìní rẹ̀. (Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fagi lé owó ńlá tó ní kó san, ní 2025, wọ́n ní ó ti pọ̀ jù, wọn kò ní kò ṣe jìbìtì.) Ìwé àṣírí ìjọba sì wà nínú páálí ní Mar-a-Lago, ilé bàbá ní Florida, nínú balùwẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìgbọ̀nsẹ̀, lábẹ́ iná olówó ńlá tó rọ̀ láti òkè àjà. Adájọ́bìnrin Aileen Cannon, tí bàbá fúnra rẹ̀ yàn sípò, da ẹjọ́ ìyẹn nù.

Georgia? Ẹ má mú mi rẹ́rìn-ín. Fani Willis, agbẹjọ́rò ìjọba tó yẹ kó bá a ṣẹjọ́ lórí ìbò 2020, gba Nathan Wade sí ìdí ẹjọ́ náà, olólùfẹ́ sì ni wọ́n, àwọn méjèèjì jọ ń gbafẹ́ lọ sí Aruba, sí Bahamas. Ó ní òun máa ń fún ọkùnrin náà ní owó òun padà, ní kéèṣì. Bàbá tó bí Fani náà wá jẹ́rìí pé àṣà àwa aláwọ̀ dúdú ni láti máa tọ́jú owó sílé. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu, ìyá ta ni kò ní owó lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Àmọ́ obìnrin tó fẹ́ gbá ilé ẹlòmíì, ṣé kò yẹ kó kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà tirẹ̀? Ilé ẹjọ́ yọ ọ́ kúrò, ẹjọ́ náà sì kú lọ́dún 2025. Fọ́tò tí wọ́n ya bàbá ní ẹ̀wọ̀n Atlanta lóṣù kẹjọ ọdún 2023 ló kù. Ó fi ṣe ṣẹ́ẹ̀tì tà, ó fi ṣe kọ́ọ̀pù tà. Ó tún gé súùtù tó wọ̀ lọ́jọ́ náà sí wẹ́wẹ́: ẹni tó bá ra káàdì orí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ 47, ní 99 dọ́là ọ̀kọ̀ọ̀kan, á gba èkísà kan lé e.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí ojú ń tì mí fún gan-an. Àwọn Bàptísì gúúsù Amẹ́ríkà ni. Àwọn ló rán Thomas Jefferson Bowen wá sí ilẹ̀ wa lọ́dún 1850, tó dé Ìjàyè, tó dé Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́dọ̀ wọn, olóbìnrin méjì kò ní rí ìrìbọmi ṣe. Ìyá àwọn ìyá wa gbọ́, wọ́n gbà. Lọ́dún 1998, nígbà tí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ìkọ̀kọ̀ Ààrẹ Bill Clinton àti ọmọbìnrin tó ń jẹ́ Lewinsky ń dààmú ayé, Bàptísì wọ̀nyí péjọ, wọ́n fi ẹnu kò pé ìwà olórí ṣe pàtàkì, wọ́n bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn tó ń fojú fo ìwà ìbàjẹ́ olórí nítorí pé owó ń wọlé. Mo pàtẹ́wọ́ fún wọn nígbà náà. Ní 2024, nínú ẹlẹ́sìn ajíhìnrere aláwọ̀ funfun mẹ́wàá tó dìbò ní Amẹ́ríkà, tí Bàptísì wọ̀nyí pọ̀ nínú wọn, bíi mẹ́jọ ló dìbò fún bàbá oní-sátíìnì. Ó kúkú ti mọ̀ wọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde ọdún náà, kí ẹjọ́ Stormy tó bẹ̀rẹ̀, ó ti polówó Bíbélì fún wọn ní 59.99 dọ́là ẹyọ kan.

Wọ́n dìbò, ó wọlé. Lọ́jọ́ 10 oṣù kìíní ọdún 2025, Merchan ṣe ìdájọ́: ẹ̀bi dúró, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀wọ̀n, kò sí owó ìtanràn, kò sí nǹkan kan. Bàbá kò tilẹ̀ dé kóòtù, Florida ló wà, tó ń wo adájọ́ lórí fídíò. Adájọ́ tún wá kí i pé kí Ọlọ́run bá a lọ sípò tuntun rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni ìbúra. Melania ló gbé Bíbélì dání, méjì lórí ara wọn, ti ìdílé ọkọ rẹ̀ àti ti Abraham Lincoln. Bàbá na ọwọ́ ọ̀tún sókè, ọwọ́ òsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbọnrangandan, kò gbé e lé ìkankan. Àwọn kan ní adájọ́ àgbà ló yára bẹ̀rẹ̀ kí ìyàwó tó dúró dáadáa. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi kò sọ nǹkan kan o.