Ọ̀run Mọ́tò Ya, Ọ̀rọ̀ Ta Ni?

"Ọ̀run ń ya bọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan." Àwọn baba wa tó pa òwe yìí ò ní tòkunbọ̀. Ká ní wọ́n ní in ni, tí wọ́n sì ń páàkì rẹ̀ sínú oòrùn Àgbàdo, wọn ì bá fi kún un pé: àfi ọ̀run inú mọ́tò, olówó rẹ̀ nìkan ló ń ya lù.

Ẹ̀yìn ni aṣọ òrùlé mọ́tò mi ti kọ́kọ́ rọ̀. Mo fi píìnì gún un mọ́ òkè, ọ̀run mi bá ní ìràwọ̀. Nígbà tó yá, ó bo gíláàsì ẹ̀yìn, ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ni mo wá ń bẹ̀ kó bá mi fọwọ́ gbé e dúró. Màmá kan tí mo gbé láti ọjà bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé mọ́tò ni mo wọ̀ àbí àgọ́?" Nígbà tí màmá sọ̀ kalẹ̀, gèlè rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n da gàrí elépo sí i lórí.

Mo lọ bá ọ̀gá tó ń ṣe sítì mọ́tò. Ó dá iye, mo bínú. Aṣọ lásán! Mo wo fídíò lórí fóònù: òyìnbó kan parí tirẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò tilẹ̀ làágùn. Mo ra aṣọ, mo ra gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ bàtà, mo dúró dé Sátidé.

Mo tú ìbòòrùn iwájú méjèèjì, iná àárín, ọwọ́ ìdìmú, rọ́bà etí ilẹ̀kùn àti ike tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì. Mo na sítì sílẹ̀, mo fa pátákó òrùlé gba bútù jáde bí ẹni ń yọ mátírẹ́ẹ̀sì lójú wíńdò. Ibẹ̀ ni mo ti rí òótọ́. Aṣọ ò gbó. Fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín aṣọ àti pátákó ni ooru ti jẹ di lẹ́búlẹ́bú. Gọ́ọ̀mù àtijọ́ ṣì di pátákó mú gírígírí, àmọ́ ohun tó yẹ kí pátákó àti aṣọ jọ dì mú ti kú.

Ó yẹ kí n ha gbogbo rẹ̀ kúrò. N ò ha á. Ta ló máa rí i? Mo da gọ́ọ̀mù lé lẹ́búlẹ́bú, mo tẹ́ aṣọ tuntun lé e lójú ẹsẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ó ń dán. Àwọn ará àdúgbò wá kí mi kú orí ire, mo sì gbé fọ́tò rẹ̀ sí WhatsApp. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, oòrùn mú, ọ̀run tún ya.

Mo padà sọ́dọ̀ ọ̀gá. Ó yí aṣọ náà wò, ó rẹ́rìn-ín. "Alàgbà, gọ́ọ̀mù yín lẹ̀ dáadáa o. Eruku ló lẹ̀ mọ́." Ó ní kí n fi mọ́tò sílẹ̀.

Bó ṣe di pé mò ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti Àgbàdo lọ sí Oyíngbò nìyẹn, Red Line tí ìjọba Èkó ṣe, kìlómítà 27. Ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2024 ni Ààrẹ Tinúbú ṣí i, oṣù Kẹwàá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kó èrò. Mo kùn gan-an nígbà yẹn. Èmi tí mo ń kùn pé oṣù méje pọ̀ jù, n ò lè fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dúró de gọ́ọ̀mù kó gbẹ díẹ̀ kí n tó tẹ́ aṣọ lé e.

Lọ́jọ́ tí mo lọ gba mọ́tò, mo bá ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́. Ó di imú, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ha pátákó títí kò fi ku ẹyọ fóòmù kan, ó nù ún. Gọ́ọ̀mù tí ooru kì í yọ́ ló fi pa pátákó àti ẹ̀yìn aṣọ. Ó dúró títí kò fi lẹ̀ mọ́ ọn níka mọ́. Àárín ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ sí etí díẹ̀díẹ̀.

Èmi nìkan kọ́ ni mo ń tẹ́ aṣọ lé eruku. Ẹni tí ògiri rẹ̀ ń mu omi ń kun ọ̀dà tuntun lé e lọ́dọọdún. Kòtò ojú pópó, a da yẹ̀pẹ̀ sí i, òjò kó yẹ̀pẹ̀ lọ. Tí ẹnì kan bá pe ìpàdé lórí gọ́tà, a ó ní ọ̀run ń ya bọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan, a ó sì lọ sùn. Òwe ò ṣẹ̀ wá, àwa la gbọ́ ọ lódì. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni. Wọn ò ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni.

Bí òrùlé mọ́tò yín bá ń rọ̀, ẹ tètè ra búrọ́ọ̀ṣì kí ẹ tó ra aṣọ.