Ọ̀gbẹ́ni Sílébù

Kò sí òde Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ kò ní bá Ọ̀gbẹ́ni Sílébù. Bí ẹ bá sáré wá sọ fún un pé "classroom" ń jóná, á kọ́kọ́ dá yín dúró: "Ẹ rọra. Sílébù méjì ni. CLASS-room. Ti àkọ́kọ́ lẹ ó tẹ̀." Ìgbà tí ẹ bá pè é bó ṣe fẹ́ ni iná tó gba àṣẹ láti máa jó lọ. Òfin kan ṣoṣo ló gbójú lé: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì tó bá kanra di orúkọ kan, apá kìíní la ń tẹ ohùn mọ́.

Òfin náà kì í ṣe irọ́. Òun ló ya "blackboard" tí tíṣà ń kọ̀wé sí sọ́tọ̀ kúrò lára pákó kan lásán tó dúdú. Ṣùgbọ́n àwọn tó ni èdè kò fi òfin yìí de ara wọn. "Apple" ni wọ́n ń tẹ̀ nínú "apple cake", "pie" ni wọ́n ń tẹ̀ nínú "apple pie". Ní Manchester, títì kan náà ló ń jẹ́ Oxford Road níbì kan, tó tún ń jẹ́ Oxford Street níwájú: "Road" ni wọ́n ń tẹ̀ nínú ti àkọ́kọ́, "Oxford" nínú èkejì.

Àwọn kan á ní ìdánwò ló ń gbèjà, torí WAEC àti JAMB ń béèrè ibi tí ohùn ń tẹ̀ sí, ọmọ tí kò bá mọ̀ ọ́n á pàdánù máàkì. Òótọ́ ni, ẹ jẹ́ ká kọ́ àwọn ọmọ. Etí ni ká fi kọ́ wọn, nítorí ọmọ tó mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ̀ ti mọ bí ohùn ṣe ń ya ọ̀rọ̀. Ta ló na Yorùbá lẹ́gba kó tó gbé ohùn òkè sórí "pú" nínú kọ̀ǹpútà, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì gan-an ti ń tẹ̀ ẹ́? Káfíńtà tó ń pe kọ́bọ́ọ̀dù kò sọ "p" kankan, bẹ́ẹ̀ ni ará London náà kò sọ ọ́; Ọ̀gbẹ́ni Sílébù tó pín in sí "cup" àti "board" lórí ìwé nìkan ló rí "p" níbẹ̀. Kò lè gbà pé etí tó, nítorí bí etí bá tó, kí ni yóò máa fi dójú ti èèyàn? Ẹ fún un ní físà Manchester: àwọn ará ibẹ̀ ni yóò máa tún Gẹ̀ẹ́sì wọn ṣe.